Ìyá Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Kú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ogun ṣe ń rùn, ẹ má bi àwọn tó lọ sójú ìjà nìkan. Ẹ bi èmi náà. Lọ́dọ̀ tiwa, lọ́fíńdà ló ń rùn.

Ọ̀gá ológun tí wọ́n fi ṣe olórí ilé iṣẹ́ rédíò wa ló ń fín in. Kò sí yàrá tí ọkùnrin náà fẹ́ wọ̀ tí òórùn rẹ̀ kì í ṣáájú rẹ̀ wọlé. Lára àga, lára ife omi, lára gbohùngbohùn tí mo ń gbé ẹnu sí, gbogbo rẹ̀ ń rùn ún. Ọ̀gá Lọ́fíńdà la máa ń pè é lẹ́yìn. Níwájú rẹ̀, "Sà" ni. Kò rí ojú ọ̀tá rí láyé rẹ̀, àmọ́ bó bá ń sọ̀rọ̀ ogun, ẹ ó rò pé òun nìkan ló ń jà á. Ṣíọ̀!

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pa àwọn ọmọ ogun wa lẹ́rìn-ín. Wọ́n wà lókè òkun nígbà náà, wọ́n dó ti òkè kan tí àwọn ọ̀tá wà lórí rẹ̀, láti ìgbà òjò títí ilẹ̀ fi gbẹ, wọn ò rí i gbà. Inú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ bo ògiri rẹ̀, kí ariwo títì má baà wọlé, ni mo ti máa ń sọ ara mi di èèyàn méje: bàbá àgbà tí kò gbọ́ràn, ìyàwó oníjà, ọlọ́pàá akólòlò, àlejò tí kò fẹ́ máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ mí ní Olóhùn-Méje. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́, màá kọ́kọ́ kì wọ́n: "Ẹ̀yin akọni! Ẹ̀yin tí ẹ fi òkúta ṣe ìrọ̀rí! Ẹ̀yin tí ọ̀tá rí tó gbàgbé ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀! Ilé ń kí yín o!" Wọ́n ní bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́sẹ̀ òkè náà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo.

Àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ìyá Alágbàfọ̀ ni.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn ará ilé àwọn ọmọ ogun máa ń wá tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti kí èèyàn wọn lórí afẹ́fẹ́. Wọ́n á múra bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Tí wọ́n bá wá dé iwájú gbohùngbohùn, ẹnu wọn á wúwo. Ẹlòmíràn á ní, "Ọmọ mi, a wà dáadáa o, ìwọ ńkọ́?" á sì dákẹ́, á máa retí kí ọmọ dáhùn, bẹ́ẹ̀ asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ìyá Alágbàfọ̀ ò retí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wá, ibi ìfọṣọ ni wọ́n ti wá tààrà, ọwọ́ wọn ṣì funfun fún ọṣẹ. Wọ́n gbá gbohùngbohùn mú lọ́rùn bí ẹni tó mú olè, wọ́n ní:

"Olóríkunkun! Ṣé ò ń gbọ́ mi? Mo ní kó o máa wẹ etí rẹ, ṣé ò ń wẹ̀ ẹ́? Wọ́n ní ìwọ lo kọ́kọ́ gun òkè lọ́jọ́sí. Ta ló rán ọ? Ṣé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ni? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, mò ń gbọ́ yín o! Ẹ lọ fọ ṣòkòtò yín!"

Ìròyìn tó padà sọ́dọ̀ wa ni pé gbogbo ibùdó bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀tá fi yìnbọn láti òkè kí wọ́n lè dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Alágbàfọ̀ di ìyá gbogbo wọn. Àwọn tí ìyá wọn ti kú láti kékeré pàápàá ń retí kí wọ́n bú àwọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olóríkunkun fúnra rẹ̀, gìrìpá ọkùnrin tó jẹ́ olórí ọ̀wọ́ rẹ̀, wá di ẹni tí gbogbo ibùdó ń wò kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Ìyá náà kú. Òtútù ló mú wọn níbi ìfọṣọ, ó wọ àyà wọn lọ, kò sì pẹ́ rárá. Àbúrò Olóríkunkun, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ọta ìbọn, ló wá sọ fún wa. Àárọ̀ ọjọ́ ìkíni ló wá, ó we aṣọ dúdú mọ́rí, ó tò sẹ́yìn bíi gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn án, ó rọra fa apá aṣọ mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé màmá ti lọ. Kó máa bọ̀. Ọmọ rẹ̀ ò ní alábòójútó mọ́. Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ńṣe ni mò ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta, Àǹtí! Mo máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ títí màá fi dé ìsàlẹ̀ títì."

Ìyá ọmọ náà ti bá ọkùnrin mìíràn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Ìyá Alágbàfọ̀ ló ń tọ́ ọ, ẹ̀yìn wọn ló máa ń wà tí wọ́n bá ń fọṣọ.

Ibẹ̀ la wà tí lọ́fíńdà fi dé bá wa. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ọmọbìnrin náà léjìká. "Ẹ kú aráfẹ́rakù, àbúrò mi. Pẹ̀lẹ́. A ó bá ọ sọ fún un lọ́nà tó yẹ. Kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó já lu ọmọ ogun lórí afẹ́fẹ́." Ó fún un ní tíì gbígbóná. Ó fún un ní bisikíìtì kó mú lọ fún ọmọ. Ó sìn ín dé ẹnu géètì. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú mi báyìí ló ṣe. Mi ò tíì gbàgbé ìkúnlẹ̀ yẹn títí di òní.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló pe ìpàdé. Àwọn ọ̀gá ológun mìíràn méjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú èmi àti Onímáṣíìnì, bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tí ohùn wa ń gbà kọjá lọ sókè òkun. Wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ogun sórí tábìlì, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀pà lé e, wọ́n ń jẹ ẹ́. Èèpo ẹ̀pà ń já bọ́ sórí òkè tí ọmọ ọlọ́mọ ń kú sí. Ẹnì kan nínú wọn, ọ̀gá kan tó sanra, fi ọwọ́ gbá a kúrò, ó tún da òmíràn sí i.

Ohun tó kó wọn láyà sókè nìyí. Àkókò tí wọ́n bá àwọn ọmọ ogun ṣàdéhùn ti ń parí lọ. Ẹni tó bá wù á lè máa bọ̀ nílé, ẹni tó bá wù á lè tún fọwọ́ síwèé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún gbìyànjú láti gba òkè náà. Ìjà náà ò pẹ́ ju kí èèyàn jẹun tán lọ: wọ́n gòkè pẹ̀lú igbe, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀pọ̀ ò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó ti sú wọn. Bí wọ́n bá pa dà lápapọ̀, kò ní í sí ẹni tí yóò dó ti òkè mọ́.

Olóríkunkun sì ti ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ ológun, ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti sọ ọ́: "Màmá, ṣé kí n máa bọ̀ ni, àbí kí n dúró? Ohun tí ẹ bá sọ lórí rédíò ni màá ṣe." Àwọn yòókù ní ohun tí ìyá bá sọ fún un, àwọn náà ló sọ fún.

"Arúgbó ọ̀hún ò sì rí ìgbà mìíràn tí yóò kú," ni ọ̀gá tó sanra wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Wọn ò tíì kú lọ́hùn-ún," ni Ọ̀gá Lọ́fíńdà dáhùn. "Ta ló máa sọ fún wọn?" Ó wá kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Olóhùn-Méje, ohùn kan ló kù tí o ò tíì ṣe fún wa."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. "Ohùn ta ni, sà?"

"Kó o bú u dáadáa o. Má fi oyin kankan sí i. Tí o bá lọ pè é ní ọmọ mi àtàtà, ó máa fura. Pè é ní Olóríkunkun, bi í léèrè etí rẹ̀, kó o wá ní kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ wá sílé àfi tí òkè yẹn bá ṣubú."

Ohun tó rí mi lára jù nìyẹn. Mo ti ń rò pé òmùgọ̀ ni. Kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìyá náà fi ń bú ọmọ wọn, ó jókòó, ó ń tẹ́tí sílẹ̀, ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ó sì ti mọ ibi tí èèyàn lè dì í mú.

"Sà, òkú ni wọ́n. Ọmọ wọn ò tíì sunkún wọn."

"Ogun la ń jà."

"Ọmọ-ọmọ wọn wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, báa ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Kò sẹ́ni tí ogun ò kàn." Ó mú ẹ̀pà kan, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. "Ṣebí o rántí ohun tí o búra lórí àsíá?"

Gbogbo wa la búra nígbà tí wọ́n gbà wá síṣẹ́: pé ohùn wa di ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun títí ogun yóò fi parí. Mo ní, "Ohùn tèmi ni mo búra lé lórí, sà. Mi ò bá wọn búra lórí ohùn òkú."

Onímáṣíìnì ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀gá Lọ́fíńdà ò bínú, kì í bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi fún ọmọbìnrin yẹn ní tíì náà ló fi bi mí pé, "Àbúrò rẹ ọkùnrin tó ń dáná ní ibùdó etíkun, ara rẹ̀ le? Wọ́n ní wọ́n ń wá èèyàn lẹ́sẹ̀ òkè o."

Àbúrò mi ò lè di ìbọn mú. Ìkòkò ló lè dì mú. Tí wọ́n bá gbé e dé ẹsẹ̀ òkè, ó tán.

Nígbà tá a jáde, mo dá Onímáṣíìnì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?"

"Má bi mí," ló sọ. "Tí o bá ṣe é, mi ò ní í lè wo ojú rẹ mọ́. Tí o ò bá ṣe é, wọ́n á pa ọmọ ìyá rẹ. Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo dán an wò, kí n lè mọ̀ bóyá mi ò tilẹ̀ lè ṣe é, kí n lè rí àwáwí. Ó jáde bí ìgbà tí Ìyá Alágbàfọ̀ ń bẹ nínú mi. "Olóríkunkun!" Ohùn yẹn gan-an, pẹ̀lú bó ṣe máa ń há díẹ̀ níparí. Ẹ̀rù bà mí. Mo bu omi, mo yọ ẹnu, mo tún yọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkíni tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Lọ́fíńdà dé pẹ̀lú aṣọ ológun tuntun, bọ́tìnì ń dán. Wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀gágun àgbà pàápàá máa gbọ́ ètò náà láti ibùdó, ló bá ní òun fúnra òun ló máa ṣíde rẹ̀. Ó fín lọ́fíńdà débi tí Onímáṣíìnì fi ń sín lẹ́yìn gíláàsì. Bóyá ó rò pé rédíò máa gbé òórùn lọ fún wọn.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má bi mí ohun tí mo ti pinnu, nítorí mi ò tíì pinnu nǹkan kan. Àbúrò mi wà lójú mi ọ̀tún, ọmọ inú yàrá yẹn wà lójú mi òsì.

Iná pupa tàn. Ọ̀gá tún ọrùn aṣọ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Ilé tí wọ́n ti kọ́ni ní ìkíni ló ti wá. "Ẹ̀yin ọmọ ogun wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, ẹ kú ojú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí gbogbo yín ń retí ti dé. Màmá wa ọ̀wọ́n, Ìyá Alágbàfọ̀, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, ti wà níbí báyìí láti bá yín sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, geere, ahọ́n rẹ̀ ò kọsẹ̀ rárá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe rí. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ dárúkọ òkú kó má ṣàdúrà tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ kì í dúró gbàṣẹ. Ọkùnrin tó lè ta òkú fún ogun láìwẹ̀yìn wò kò lè ṣàìkí òkú náà. Ìwà ọmọlúàbí ló tú u láṣìírí, àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo Onímáṣíìnì tó ti la ẹnu sílẹ̀, ó wá gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ di eérú. Gbohùngbohùn ṣì là sílẹ̀, gbogbo ibùdó sì ń gbọ́ bá a ṣe ń mí. Ó nawọ́ sí mi, ó ń ju ètè láìsọ̀rọ̀: "Ṣe é! Ṣe é kíá!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Mo lè tún un ṣe fún un. Mo mọ ohun tí Ìyá Alágbàfọ̀ ìbá sọ gan-an: "Ta ló kú? Ìwọ olóòórùn dídùn yìí, ta lo ń pè lókùú? Orí bàbá rẹ ló kú!" Gbogbo ibùdó ìbá yí lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò sí ẹni tí ìbá rántí mọ́ pé nǹkan kan bọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́nà ọ̀fun mi, ó dùn, ó ń ta mí láti jáde. Ìríra ara mi bá mú mi, mo gbé e mì.

Mo súnmọ́ gbohùngbohùn. "Olóríkunkun, Olóhùn-Méje ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn tèmi fúnra mi nìyí, ẹ ò gbọ́ ọ rí. Òótọ́ lẹ gbọ́ yẹn. Màmá ti lọ. Òtútù ni. Àbúrò rẹ sin wọ́n dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ ò ní ẹni tí yóò dúró tì í, inú yàrá ni wọ́n ń tì í mọ́ lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fi ohùn ìyá rẹ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò yìí, òpùrọ́ ni. Máa bọ̀ nílé."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni Ọ̀gá ń fò sókè níwájú gíláàsì, tó ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sódò, sókè sódò, pé kí wọ́n gé mi. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gé ohùn á fi ọwọ́ gba ọrùn. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè fẹ́ kí ohùn lọ sókè ni. Kò kọ́ ọ rí, kò ráyè. Onímáṣíìnì sì jẹ́ ẹni tó máa ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Ó ń gbé ohùn mi sókè, ó ń gbé e sókè. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló já wáyà.

Wọ́n tì mí mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó fèrè àti dùùrù fífọ́ sí. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi wà níbẹ̀ tí mò ń sunkún àbúrò mi bí ẹni tó ti kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, màá ní wọ́n ti wá sọ fún mi nìyẹn.

Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn wá ṣí, lọ́fíńdà ló kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Ìràwọ̀ tuntun wà léjìká rẹ̀.

"Olóhùn-Méje! Àwọn ọmọ ogun fọwọ́ sí i! Wọ́n fi gbogbo òru sunkún, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tò láti fọwọ́ síwèé, wọ́n ní àwọn ò ní í kúrò níbẹ̀ títí òkè yóò fi ṣubú nítorí ìyá. Wọ́n kọ orúkọ ìyá sára ìbọn! Ọ̀gágun àgbà ní òun ò gbọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀, èmi ni mo rán ọ." Ó na ọwọ́ sí mi kí n dìde. "Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fìyà jẹ ọ. Àbúrò rẹ náà á máa dáná rẹ̀ lọ. Ṣé inú rẹ dùn?"

Inú mi dùn nítorí àbúrò mi, ìdùnnú náà sì ń rí mi lára.

"Ká ní mo mọ̀ ni," ló tún sọ, "à bá ti jẹ́ kí ìyá yẹn kú látìgbà òjò. Tètè bá wa wá ìyá mìíràn. Kó ti dàgbà díẹ̀, kó lẹ́nu bíi ti màmá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, kó má sì pẹ́ púpọ̀ kó tó lọ."

Mo bì. Mi ò tilẹ̀ ráyè yí orí. Orí bàtà rẹ̀ tó ń dán ni gbogbo rẹ̀ dà sí.

Ó fò sẹ́yìn. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń nu bàtà, fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo sì rí i tó bínú. "Aláìmoore! Aláìmoore ni gbogbo yín! Bí Olóríkunkun yẹn náà nìyẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró láti jà nítorí ìyá rẹ̀, ìyá tirẹ̀ o, òun nìkan ló di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ń pè é, kò dá wọn lóhùn. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìjẹta."

"Ẹ ní kí ló wọ̀, sà?"

"Ọkọ̀ ojú omi! Ó ń bọ̀ nílé!"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu mi. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí, mo jáde sí títì, mo sì kọrí sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ọta, kí n lọ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ti ọmọ yẹn mọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.